Orí adágún ni ọ̀rọ̀ wà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ọmọ Yorùbá ni mí, nọ́ọ̀sì sì ni mí ní ìlú kékeré kan tí àwọn Cree, ọ̀kan lára àwọn ọmọ onílẹ̀ Kánádà, ń gbé ní àríwá Manitoba, ní Kánádà. Àwọn ọ̀dọ́ wa kì í yà sí yàrá ìgbaniníyànjú. Ìgbìmọ̀ ìlú wá ní kí n bá wọn kọ ètò ọlọ́sẹ̀ mẹ́wàá tí yóò máa kó àwọn ọmọ ọdún 13 sí 18 lọ sínú igbó àti sórí omi, kí wọ́n kọ́ àṣà wọn, kí ọkàn wọn sì balẹ̀. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Ṣé kí n máa fi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìlera sí i lójoojúmọ́?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú wọn o. Ìbéèrè kejì ni n ó kọ́kọ́ dáhùn, torí òun ni mo rí tó ń ba irú ètò yìí jẹ́ jù. Ẹ má fi í sí i.

Èmi náà ṣe é nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́ First Nation, ìyẹn àwọn ọmọ onílẹ̀ Kánádà bí àwọn Cree. Bí a bá ti dé ibùdó láàárọ̀, n ó kó wọn jókòó fún wákàtí kan, n ó máa sọ̀rọ̀ nípa ìbànújẹ́ àti ọtí, kí a tó lọ dẹ àwọ̀n. Wọ́n á kàn máa wo bàtà wọn ni. Ìyá àgbà kan ló fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní àwọ̀n yẹn gan-an ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́.

Kò pẹ́ tí mo fi rí ohun tó ń sọ. Láti na àwọ̀n sábẹ́ yìnyín, wọ́n máa ń gbẹ́ ihò, wọ́n á ti pákó gígùn kan tí wọ́n ń pè ní jigger bọ̀ ọ́. Bí ẹnì kan bá ṣe ń fa okùn rẹ̀ tó tún ń dẹ̀ ẹ́, apá irin tó wà lára pákó náà á máa ti yìnyín lábẹ́, á sì máa gbé okùn lọ síwájú. Ẹlòmíì gbọ́dọ̀ máa tẹ̀ lé e lókè, kó máa gbọ́ ìró rẹ̀, kó-kó-kó, kó lè mọ ibi tí wọn yóò gbẹ́ ihò kejì sí. Ọmọkùnrin kan tí kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ni wọ́n gbé iṣẹ́ etí yìí fún. Ó kúnlẹ̀, ó ṣí fìlà, ó fi etí lé yìnyín. Ó dìde, ó rìn díẹ̀, ó tún kúnlẹ̀, ó nawọ́: "Ibí ni." Wọ́n gbẹ́ ẹ, pákó wà níbẹ̀. Ọjọ́ kejì, òun fúnra rẹ̀ ló gbé ẹja lọ sílé àwọn arúgbó mẹ́rin. Lálẹ́ ọjọ́ náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi sọ̀rọ̀ nídìí iná, n kò sì bi í ní nǹkan kan.

Nítorí náà, kí iṣẹ́ inú ètò yín jẹ́ iṣẹ́ gidi. Kí oúnjẹ tí wọ́n bá rí dé ilé ẹni tí kò lè dẹ ọdẹ mọ́. Tẹ̀yin níbẹ̀ ni pé kí ẹ wà nídìí iná nígbà tí ọ̀rọ̀ bá jáde. Síbẹ̀, igbó kò rọ́pò ìtọ́jú: ọmọ tó bá ń ronú láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ rí ẹni tó kọ́ṣẹ́ nítòsí, kí fóònù sátẹ́láìtì sì wà ní ibùdó.

Ibo lẹ ó ti bẹ̀rẹ̀? Lọ́dọ̀ àwọn àgbà ni, kì í ṣe nídìí kọ̀ǹpútà. Láàárín ọ̀pọ̀ àwọn Cree, ẹni tó bá fẹ́ tọrọ ìmọ̀ lọ́wọ́ àgbà máa ń mú tábà lọ, ṣùgbọ́n àṣà ibì kan yàtọ̀ sí ti ibòmíràn, ẹ bi àwọn ará ìlú léèrè. Ẹ béèrè bákan náà pé ìdílé wo ló ń dẹ pàkúté níbi tí ẹ fẹ́ pàgọ́ sí, torí ilẹ̀ náà kò ṣófo, wọ́n tilẹ̀ ń fi orúkọ àwọn ojú ilẹ̀ pàkúté sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba Manitoba. Bí àwọn kan bá kọ́kọ́ fura sí yín, ẹ má bínú. Ó kéré tán, 150,000 ọmọ àwọn onílẹ̀ ni wọ́n kó lọ sí àwọn ilé-ìwé tí ìjọba àti ṣọ́ọ̀ṣì fi ń gba èdè lẹ́nu wọn, títí wọ àwọn ọdún 1990. Àwọn kan nínú àwọn àgbà tí ẹ ń tọ̀ lọ wà lára wọn.

Ẹ jẹ́ kí àṣẹ wà lọ́wọ́ ìlú. Michael Chandler àti Christopher Lalonde ṣèwádìí ní nǹkan bí 200 ìlú First Nation ní British Columbia, wọ́n sì gbé e jáde ní 1998: ibi tí ìlú ti ń darí ilé-ìwé, ìlera àti ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wọn fúnra wọn, ikú ọwọ́ ara ẹni láàárín ọ̀dọ́ kéré gan-an, àwọn ìlú tó ní gbogbo àmì mẹ́fà irú ìdarí bẹ́ẹ̀ tí wọ́n wò kò ní ẹyọ kan láàárín ọdún tí wọ́n kà. Ìwé ìbéèrè tí àwọn tó gbówó sílẹ̀ yóò ní kí àwọn ọmọ kọ náà, ìlú ló yẹ kó ni ìdáhùn inú rẹ̀. Ìlànà tí First Nation ń pè ní OCAP nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá kò bá mi lára mu. Ìgbà ìwọ́wé ni wọ́n ń dẹ moose, ẹranko ńlá tó jọ àgbọ̀nrín, àwọ̀n abẹ́ yìnyín ń bẹ fún ìgbà òtútù, ẹyẹ goose sì ń padà dé ní ìrúwé. Ẹ kọ ọdún kan, kódà bí ìpàdé rẹ̀ bá mọ níba.

Owó ńkọ́? Ẹ san ti àwọn àgbà lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣiṣẹ́. Mo ti rí bàbá kan tó fi oṣù mẹ́ta dúró de owó epo tó fi gbé wa lọ, kò padà wá mọ́, n kò sì dá a lẹ́bi. Ẹ san díẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ náà, kí ẹ sì fi iṣẹ́ tó wà níwájú hàn wọ́n. Àwọn Innu, ọmọ onílẹ̀ mìíràn ní Labrador ní ìlà-oòrùn Kánádà, ti ní olùṣọ́ ilẹ̀ tó ń gbowó oṣù láti 1992. Ní 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ya mílíọ̀nù 25 dọ́là Kánádà sọ́tọ̀ láti ran irú iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ káàkiri.

Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ má tíì kọ nǹkan kan sílẹ̀. Ẹ wá àgbà méjì, ọkùnrin kan, obìnrin kan, kí ẹ bi wọ́n pé ọmọ wo ni wọn yóò fẹ́ mú dání, kí àwọn fúnra wọn sì dá ọjọ́ àkọ́kọ́.