Oògùn kòkó tí Bàbá fi sílẹ̀ ní sítọ̀: ẹ má jẹ́ kí wọ́n dà á sí ṣáláńgá

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ará fẹ́ra kù o. Ọlọ́run á tu yín nínú. Ẹ ní láti Kánádà lẹ ti ń palẹ̀ ilé Bàbá mọ́ ní Ìkọ̀lé lórí fóònù, pé ìgò àti gálọ́ọ̀nù oògùn kún sítọ̀, àti pé àbúrò Bàbá ní òun á da gbogbo rẹ̀ sí ṣáláńgá kí ẹ tó dé fún ìsìnkú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè wọ́n lónìí. Kànga àti ṣáláńgá kì í jìnnà síra wọn ní ọ̀pọ̀ ilé wa; oògùn tó bá wọ ọ̀kan lè rìn nísàlẹ̀ ilẹ̀ dé inú èkejì. Tí wọ́n bá dà á sí gọ́tà, òjò àkọ́kọ́ á gbé e lọ sódò, àwọn tó ń pọnmi nísàlẹ̀ ló máa mu ún. Wọn ò sì gbọdọ̀ sun ún, nítorí májèlé ni èéfín rẹ̀.

Ìkẹ́rẹ́ ni mo wà, èmi náà sì ti palẹ̀ irú yàrá bẹ́ẹ̀ mọ́ lẹ́yìn ikú bàbá mi. Kì í ṣe àwọn gálọ́ọ̀nù ńlá tó lórúkọ lára ló dẹ́rù bà mí jù. Ìgò omi oníke kan ni, àkísà ni wọ́n fi dí i lẹ́nu, ohun inú rẹ̀ pọ́n bí àgbo. Kí n tó yíjú, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún mẹ́rin, ti gbé e dání, ó ní "àgbo Bàbá rè é." Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀ yín pé ìgò tí kò lórúkọ ni kí wọ́n kọ́kọ́ wá.

Ẹ ní kí àgbàlagbà kan tí ara rẹ̀ le ṣe é, kí àwọn ọmọdé àti ewúrẹ́ má sí nítòsí. Kó ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kó tó wọlé. Kó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó nípọn, ẹ̀wù alápá gígùn àti bàtà tó bo ẹsẹ̀. Ẹ pè é lórí fídíò, kó ya fọ́tò ara ìgò kọ̀ọ̀kan: orúkọ, nọ́ńbà NAFDAC, ọjọ́ tí agbára rẹ̀ parí. Kó má ṣí ìdérí kankan, kó má gbóòórùn rẹ̀ láti fi mọ̀ ọ́n, kó má sì da méjì pọ̀.

Èyí tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá, tí ìjọba kò sì fòfin dè, ẹ lè fún àgbẹ̀ tó mọ̀ ọ́n lò, nínú ìgò tirẹ̀ gan-an. Paraquat, oògùn koríko tí àwọn èèyàn mọ̀ sí Gramoxone, kò sí nínú èyí. NAFDAC ti fòfin dè é láti January 1, 2024, oògùn koríko mìíràn tó ń jẹ́ atrazine náà tẹ̀ lé e ní January 1, 2025. Wọ́n á sọ pé Gramoxone ṣì ń pa koríko dáadáa. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹnu kan péré rẹ̀ lè pa èèyàn, kò sì sí oògùn tó ń pa oró rẹ̀. Tí ẹ bá rí Gamalin àtijọ́ tí wọ́n fi ń fín kòkó, ẹ má fún ẹnikẹ́ni. Àwọn kan ṣì máa ń dà á sódò láti fi pa ẹja.

Ìgò tó bá ń jò, kí wọ́n gbé e sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì oníke tó ní ìdérí, kí wọ́n da iyanrìn gbígbẹ yí i ká, kí wọ́n kọ MÁJÈLÉ sí i lára. Èyí tó bá ti dà sílẹ̀, iyanrìn ni kí wọ́n fi fà á, kì í ṣe omi. Tí ẹ bá rí oògùn oníhóró tí wọ́n ń fi sí ẹ̀wà tàbí àgbàdo, omi kò gbọ́dọ̀ kàn án rárá: afẹ́fẹ́ tó ń tú jáde lára rẹ̀ lè pa gbogbo ará ilé.

Kí wọ́n ti gbogbo rẹ̀ mọ́ ibi tó jìnnà sí oúnjẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ pe ọ́fíìsì NAFDAC ní Adó tàbí àwọn òṣìṣẹ́ ADP, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ran àgbẹ̀ lọ́wọ́, kí ẹ ka orúkọ àwọn oògùn náà fún wọn kí ẹnikẹ́ni tó gbé ìgò kan kúrò nílẹ̀. Tó bá di pé wọ́n máa gbé e, ẹ̀yìn ọkọ̀ tó ṣí sílẹ̀ ni, kì í ṣe takisí tó gbé èrò àti gààrí.

Gálọ́ọ̀nù tó ti ṣófo ńkọ́? Ìgbà tí èèyàn ń po oògùn lóko ló yẹ kó ṣan án: omi dé ìdá kan nínú mẹ́rin, kó dé e, kó mì ín dáadáa, kó da omi náà sínú pọ́ńpù, lẹ́ẹ̀mẹta, kó sì fín in sórí oko náà. Lẹ́yìn náà, kó lù ú ní ihò. Èyí tí kò bá lu, ẹnìkan á fi rọ epo pupa.

Tí ó bá ta sí ẹnikẹ́ni lójú, omi tó mọ́ ni kí wọ́n máa dà sí i fún ìṣẹ́jú 15. Tí ẹnìkan bá gbé e mì, kí wọ́n má fipá mú un bì, kí wọ́n má fún un ní epo pupa. Ọsibítù ni lójú ẹsẹ̀, pẹ̀lú ìgò náà lọ́wọ́.

Tí àwọn fọ́tò bá ti dé ọwọ́ yín, ẹ kọ àwọn orúkọ náà síbí, màá bá yín yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan.