Irun kọ́ ló bà mí lẹ́rù nínú lẹ́tà yín

Ìbéèrè: Tántì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ Kétu ni mí, Àjàṣẹ́ ni mo ti ń tajà. Oṣù méje rèé tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi ní Tùnísíà nítorí pé mo sanra jù. Kílò 38 ti kúrò lára mi. Ṣùgbọ́n irun mi ń já, òòyì ń kọ́ mi, bí mo bá sì jẹun, ó máa ń padà jáde lọ́pọ̀ ìgbà. Bí mo bá gbọ́ òórùn àkàrà báyìí, ẹkún ni. Ní ọjà, wọ́n ti ń sọ pé Sídà, àrùn éèdì, ló ń ṣe mí. Alágbo kan ní ìdọ̀tí iṣẹ́ abẹ náà ló kù sí mi nínú, ó ta igo mẹ́ta fún mi ní 15 000 fàráǹkì. Mo ti mu ọ̀kan tán, ó fọ̀ mí nínú dáadáa. Epo wo ni kí n fi pa irun? Ṣé kí n mu igo méjì tó kù?

Ìdáhùn: Ẹ má mu igo méjì yẹn. Mo fi ìyẹn ṣíwájú torí mo mọ̀ pé àwọn kan kì í kàwé dé ìsàlẹ̀.

Dókítà oníṣẹ́ abẹ kọ́ ni mí. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni iṣẹ́ mi, èmi ni wọ́n máa ń darí irú yín sí lẹ́yìn tí ojú abẹ bá ti jinná. N kò rí yín, n kò rí èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ yín, nítorí náà ohun tí mo bá kọ síbí kò lè rọ́pò ẹni tó máa fọwọ́ kàn yín lára. Ṣùgbọ́n irú lẹ́tà yìí ti pọ̀ lọ́wọ́ mi, kò sì sí èyí tí n kì í bá alágbo nínú rẹ̀. Ó ti sú mi.

Epo irun ni ẹ ń béèrè. Èmi, ibi tí ẹ ti kọ ọ́ pé oúnjẹ ń padà jáde ni ojú mi dúró sí. Irun tó ń já láti bí oṣù kẹta lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ kì í ṣe tuntun. Nígbà tí ara bá ń rù kíákíá, irun wà lára ohun tó kọ́kọ́ ń pa tì, torí kò fi irun mí. Ó máa ń hù padà bí oúnjẹ bá ti tó o, epo kankan ò sì lè bá a yá a. Ṣùgbọ́n kí èèyàn ṣì máa bì ní oṣù keje, ìyẹn kò sí nínú àdéhùn.

Ìdọ̀tí wo gan-an ni alágbo ń sọ? Iṣẹ́ abẹ yìí, oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. Nínú èyí tí wọ́n ń kọ sí ìwé pé sleeve, wọ́n máa ń gé nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún àpòlúkù sọnù, èyí tó kù á wá rí gbọọrọ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Nínú bypass, àpò tí kò tó ẹyin adìyẹ ni wọ́n ń fi sílẹ̀, wọ́n á so ó mọ́ ìfun nísàlẹ̀, kí oúnjẹ lè fo apá òkè ìfun kọjá. Apá tí oúnjẹ ń fò yẹn ni ara ti máa ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú èròjà tó fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Kò sí ẹrẹ̀ tó kù síbì kankan. Tẹ́lẹ̀, garawa lẹ fi ń pọn omi. Ní báyìí, ife lẹ fi ń pọn ọ́n. Alágbo wá dé, ó ní ẹ da ohun tó wà nínú ife náà nù.

Ẹ ní ó fọ̀ yín nínú dáadáa. Bẹ́ẹ̀ ni, omi ara àti iyọ̀ ara ló fọ̀ lọ, pẹ̀lú oúnjẹ díẹ̀ tí ara kò tíì rí mú. 15 000 fàráǹkì! Ẹ mọ iye ẹyin tí ìyẹn máa rà?

Ohun tó bà mí lẹ́rù rèé. Fítámì kan wà tí à ń pè ní B1. Èyí tí ara ń fi pamọ́ kì í tó oṣù kan lò. Ẹni tó bá ń bì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tó tún wá mu oògùn ìyàgbẹ́ lé e, tirẹ̀ lè gbẹ pátápátá, ọpọlọ àti iṣan ara ló sì máa fi hàn: ojú á máa rí nǹkan ní méjìméjì, ìrìn á dà bíi ti ẹni tó mu ṣódábì yó, àtẹ́lẹsẹ̀ á máa ta bí ata, ọ̀rọ̀ á máa dàrú mọ́ èèyàn lẹ́nu. Bí wọ́n bá jẹ́ kó pẹ́, kì í padà sípò tán. Òòyì tiyín lè jẹ́ àìtó omi tàbí àìtó ẹ̀jẹ̀. Ó sì lè jẹ́ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti àtọ̀gbẹ tí ẹ ṣì ń lò ní ìwọ̀n ìgbà tí ẹ sanra (ẹ kò sọ bóyá ẹ ń lò ó). N kò ní í jókòó síbí kí n máa méfò. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́la. Bí ẹ bá sì ti rí ọ̀kan nínú àwọn àmì àìtó B1 yẹn, òní ni, ì báà jẹ́ òru, ẹ pe zémìjáàn, ọlọ́kadà.

Ẹ má ṣe pe nọ́ọ̀sì àdúgbò kó wá gbé sérọ́ọ̀mù, omi tí wọ́n ń fà sí iṣan, kọ́ fún yín nílé o. Mo mọ̀ wá, bí ó bá ti rẹ̀ wá díẹ̀, sérọ́ọ̀mù. Èyí tó ní ṣúgà nínú, bí ó bá wọ ara tí B1 ti tán nínú rẹ̀, ó lè dá kún ìjàǹbá náà. Ẹ sọ fún dókítà báyìí: “Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ ìsanra fún mi, mo ń bì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rò ti B1 kí ẹ tó gbé sérọ́ọ̀mù onísúgà kọ́.” Wọ́n á tún wò ó bóyá ọ̀nà oúnjẹ ti fún jù níbi tí wọ́n rán, torí ìyẹn náà a máa mú èèyàn bì.

Ó sì lè jẹ́ ọwọ́ ìjẹun lásán ni. Ẹni tó ń tajà kì í jókòó jẹun: àkàsà kan gbàgà, oníbàárà dé, omi tútù lé e lórí. Ìyẹn tán. Òkèlè kékeré, kí ẹ jẹ ẹ́ kúnná, kí abọ́ kékeré gbà yín tó ogún ìṣẹ́jú; omi di ìdajì wákàtí lẹ́yìn oúnjẹ. Ẹja, ẹyin, ẹ̀wà tàbí wàgàsì (wàrà) ni kí ẹ kọ́kọ́ jẹ, kí àkàsà tẹ̀ lé e bí àyè bá ṣẹ́ kù. Ó kéré tán, gíráàmù 60 èròjà pùrótéènì ni wọ́n máa ń ní kí irú yín jẹ lójúmọ́. Nǹkan bí 6 ló wà nínú ẹyin kan, ẹ ṣírò ó. Ẹ̀kọ mímu tí wọ́n da ṣúgà sí dòò, ẹ fi í sílẹ̀: àyà á máa lù kìkì, òógùn á bò yín, ẹ ó sáré wá ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Fítámì tí wọ́n kọ fún yín, títí ayé ni, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ náà lọ́dọọdún. Diclofenac àti ibuprofen, oògùn ara ríro tí wọ́n ń tà káàkiri ọjà, rárá, ó lè dá ọgbẹ́ sílẹ̀ nínú àpò kékeré yẹn. Oyún, kó dúró di ọdún kan sí ọdún kan ààbọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ẹ má gbójú lé oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí oníhóró nìkan, pàápàá bó bá jẹ́ bypass ni wọ́n ṣe. Ẹ bá agbẹ̀bí sọ ìyẹn.

Ẹkún àkàrà wàyí. N kò fi yín rẹ́rìn-ín. Ní ìsọ̀, nígbà tí ọjà kò tà, oúnjẹ ló ń bá yín jókòó. Nígbà tí ara gbóná, òun náà ni. Wọ́n gba ọ̀rẹ́ yẹn lọ́wọ́ yín ní ọjọ́ kan ṣoṣo, ẹnikẹ́ni kò sì kí yín kú àráfẹ́rakù. Kú oríire ni gbogbo wọn ń kí. Ọ̀fọ̀ ni. Ó wọ́pọ̀ lára àwọn tó ṣe iṣẹ́ abẹ yìí, ẹ lè sọ ọ́ fún dókítà láìtijú. Ṣùgbọ́n bí èrò pé kí ẹ kúkú má sí láyé mọ́ bá wọlé, ẹ má jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà ṣú kí ẹ tó sọ fún ẹnì kan tó lè tẹ̀ lé yín dé ilé ìwòsàn.

Ní ti àwọn tó ń pe Sídà: ẹ kò jẹ ọjà ní èsì àyẹ̀wò. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ipò yín, ẹ ṣe é fún ara yín. Ẹni tó ní in pàápàá kò yẹ ní ẹni à ń fẹnu lù. Bí ẹ kò bá fẹ́ kí wọ́n gbọ́ nípa iṣẹ́ abẹ, ẹ ní dókítà ló ní kí ẹ dín oúnjẹ kù. Irọ́ kọ́. Níbi ìnáwó, ẹ gba abọ́ tí wọ́n gbé wá, ẹ tọ́ ọ wò, ẹ fi ìyókù sínú ike gbé relé. Àwọn ìyá wa ní Kétu kì í bínú sí ẹni tó gbé oúnjẹ wọn relé, ẹni tó kọ̀ ọ́ ni wọ́n ń bá jà.

Lọ́la, ẹ mú ìwé tí wọ́n fún yín ní Tùnísíà dání, èyí tí wọ́n kọ “compte rendu opératoire” (ìròyìn iṣẹ́ abẹ) sí lórí. Láìsí i, dókítà kò ní mọ èyí tí wọ́n ṣe nínú méjèèjì. Igo méjì yẹn, ẹ dà á sí ṣáláńgá kí ẹ tó jáde nílé, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ó ṣì wúlò.