Black ice kì í ṣe yìnyín dúdú o

Àbúrò mi tó kọ̀wé láti Ìkọ̀lé, mo ti ka ìbéèrè rẹ. O ní iléeṣẹ́ tó gbà ọ́ síṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ní Scotland kọ ọ̀rọ̀ márùn-ún ránṣẹ́ pé kí o mọ̀ wọ́n kí o tó dé ní oṣù kìíní: frost, ice, black ice, sleet, slush. O ní ṣé kì í ṣe yìnyín náà ni gbogbo wọn, àti pé irú kóòtù wo ni kí o rà ní Ọjà Ọba l'Adó. O tún ní àwọn kan ti sọ fún ọ pé yìnyín ni yìnyín ń jẹ́, kí o má da ara rẹ láàmú.

Irú ìmọ̀ràn yẹn ló ṣẹ́ mi lọ́wọ́. Mi ò fi pa òwe o, ọrùn ọwọ́ òsì mi gan-an ni mo ń wí. Tí ọyẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, mo máa ń mọ̀ kí ètè mi tó là.

Aberdeen ni mo wà, oṣù Kejìlá ọdún 2022, nígbà tí òtútù ká gbogbo ibẹ̀ mọ́lé fún ọ̀sẹ̀ kan ó lé. Ojúlé dé ojúlé la ti ń tọ́jú àwọn arúgbó, láti aago mẹ́fà àárọ̀, ilẹ̀ ò tíì mọ́. Bí mo ṣe ń wọ bàtà ni ọ̀gá wa pè mí lórí fóònù: "Watch out for the black ice at number nine." Ìwọ náà mọ ahọ́n wa. Yorùbá kò ní ìró z. Lẹ́nu wa, ice àti eyes, ọ̀kan náà ni, áísì ni méjèèjì. Black eyes ni mo gbọ́! Wọ́n sì ti kọ́ wa títí ó fi sú wa pé tí a bá rí ojú tó wú tàbí tó ṣú lára arúgbó, ká kọ ọ́ sílẹ̀ kíákíá, torí ẹnìkan lè máa lù ú nínú ilé. Ni mo bá ki eré mọ́lẹ̀. Kí n tó dé géètì, ọkàn mi ti wà lójú màmá yẹn. Ta ló lù ú? Ṣé ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó máa ń wá lọ́jọ́ Sunday yẹn ni?

Àtẹ̀gùn olókùúta mẹ́ta ló wà níwájú ilé náà. Mo wò wọ́n o, má rò pé mi ò wò wọ́n. Iná títì mọ́lẹ̀ sí wọn, wọ́n ń dán bí ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi omi nù. Mo gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé ìkejì. Àbúrò, kò rí bí ìgbà tí ẹsẹ̀ ń yọ̀ nínú ẹrẹ̀. Ẹrẹ̀ a máa kìlọ̀, á rọ̀ díẹ̀, wàá ráyè di nǹkan mú. Eléyìí, bí ẹni pé wọ́n fa ilẹ̀ kúrò lábẹ́ mi ni. Mo fi ọwọ́ òsì gbalẹ̀. Mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ kó tó dùn mí: ó ró káú, bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ́ igi ìdáná. Mo jókòó síbẹ̀, mo fi ọwọ́ kejì ra òkúta náà. Yìnyín ni! Kò funfun, kò dúdú, bíi gíláàsì tín-ín-rín tí wọ́n lẹ̀ mọ́ òkúta. Àwọ̀ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ lo máa ń rí. Lórí ọ̀dà títì, dúdú ọ̀dà lo máa rí, ibẹ̀ ni wọ́n ti mú black. Màmá ló wá ṣílẹ̀kùn. Ojú rẹ̀ mọ́ kedere, kò sí àpá kankan níbẹ̀.

Wákàtí méje ni mo lò lọ́sibítù. Nọ́ọ̀sì bi mí pé, "Did you slip or did you trip?" Mo ní trip, torí òun ló bọ́ sí mi lẹ́nu. Slip ni kí ẹsẹ̀ èèyàn yọ̀. Trip ni kó fẹsẹ̀ kọ. Ṣé o rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni? Trip yẹn náà ni mo kọ sínú fọ́ọ̀mù ibi iṣẹ́. Nígbà tó di pé mo ń béèrè owó mi, ọmọ ọ́fíìsì kan tó ń jókòó ti ẹ̀rọ amúlégbóná láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ ní fọ́ọ̀mù mi ò dárúkọ yìnyín, pé mo kàn fẹsẹ̀ kọ ni. Ó ní ṣebí àwọn ti fi ímeèlì ránṣẹ́: adverse weather, exercise due caution. Adverse weather! Kí ló dé tí wọn ò lè sọ pé ilẹ̀ ń yọ̀? Ẹni tó gba owó lọ́wọ́ wa l'Adó náà ńkọ́? Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi kọ́ wa ní ohun tó pè ní Gẹ̀ẹ́sì ìrìnàjò. "Winter is the coldest season," ká máa wí i tẹ̀lé e bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Kò sọ slip, kò sọ grit (mo ń bọ̀ lórí ìyẹn). Mi ò rò pé òun fúnra rẹ̀ ti rí òtútù tó ju ti Ẹ̀fọ̀n-Aláayè lọ.

Nítorí náà, slip ni kí o máa wí. Kọ ọ́ sára ògiri.

Ó dáa, frost. Lọ ṣí firísà ẹni tó ń ta omi tútù, kí o wo ara rẹ̀ nínú, ohun funfun tó ṣeé fi èékánná họ yẹn. Kò sẹ́ni tó da omi síbẹ̀. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló lọ lẹ̀ mọ́ ibi tó tutù ju 0°C lọ, tó sì dì síbẹ̀. Ibi tí ìrì ti máa ń sẹ̀ nílé wa, orí koríko, orí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò, ibẹ̀ ni wàá ti rí i láàárọ̀. Frost kì í já bọ́ láti òkè, snow ló ń já bọ́. Ice ni omi tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ tó wá dì. Hail, o mọ̀ ọ́n, òun lọmọdé ń ṣà jẹ nínú òjò. Sleet ni òjò àti snow tó ń rọ̀ pọ̀, tó máa rin ọ́ dé egungun. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń fi orúkọ yẹn pe hóró yìnyín wẹ́wẹ́, má jẹ́ kí fídíò wọn dà ọ́ rú.

Slush ni kí o bẹ̀rù. Snow tó ń yọ́ tí mọ́tò ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ ni, ó rí bí ògì tó dà sínú eruku. Tó bá yọ́ lọ́sàn-án, thaw nìyẹn, inú gbogbo èèyàn á máa dùn. Lóru á tún dì, òun ló sì máa di black ice tí wàá bá lẹ́nu ọ̀nà ní aago mẹ́fà. Ọjọ́ kejì thaw ni mo ṣubú. Braemar, tí òun náà wà ní agbègbè Aberdeen níbẹ̀, ti rí -27.2°C ní ọdún 1982, àwọn èèyàn á sì máa fi ìyẹn dẹ́rù bà ọ́. Má dá wọn lóhùn. Nítòsí 0°C, tó ń yọ́ tó tún ń dì, ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ti ń yọ̀.

Grit ni iyọ̀ tí wọ́n ń da sílẹ̀ kí omi má baà tètè dì, ó pọ́n bí ilẹ̀ wa. Àpótí yẹ́lò kan wà ní kọ́nà àdúgbò mi l'Aberdeen, oṣù méjì ni mo fi ń rò pé pàǹtí ni wọ́n ń dà síbẹ̀. Iyọ̀ ọ̀fẹ́ ló kún inú rẹ̀! Ìjọba ìbílẹ̀ ibẹ̀ a máa da á sí títì ńlá. Ti ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ní àdúgbò tèmi, kóńkó jabele ni. Tí wọ́n bá sì fún ọ ní mọ́tò, scraper ni kí o fi ha yìnyín kúrò lára gíláàsì iwájú. Má da omi gbígbóná sí gíláàsì náà láéláé, ó lè là. Ìwé òfin ìrìnnà wọn sọ pé lórí yìnyín, ibi tí mọ́tò máa dúró sí lè jìnnà ní ìlọ́po mẹ́wàá.

Tí ọ̀gá rẹ bá pè ọ́ lórí fóònù tí ọ̀rọ̀ ò yé ọ, ní kó fi tẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́. Má tijú. Èmi tijú.

Háà, kóòtù. Bàtà tí abẹ́ rẹ̀ ní eyín ni kí o fi owó yẹn rà, tó o bá ti débẹ̀. Ọjà Ọba náà ni mo ti ra kóòtù tèmi, ó ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn níbí. Bó bá wù ọ́, wá mú un l'Adó, àmọ́ apá ọ̀tún nìkan ló kù lára rẹ̀. Wọ́n ti fi àlùmọ́gàjí gé tòsì lọ́sibítù.