Omi àlùwàlá tó ń ṣàn dànù

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Omi àlùwàlá mọ́sálásí àdúgbò wa l'Ábẹ́òkúta ń ṣàn sójú títì, ó sì ti ń gbẹ́ ilẹ̀ lọ. Àwọn ọ̀dọ́ ní ká fi gbin nǹkan; àwọn bàbá kan ní omi tí a ti fi ṣe àlùwàlá kò ṣe é lò mọ́. Ta ló tọ̀nà, báwo la ó sì ṣe é?
Ọmọ jámáà kan, Abẹ́òkúta

ÌDÁHÙN: Ọ̀rọ̀ àwọn bàbá lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ dé ibì kan. Nínú ìlànà Màlíkì tí ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ilẹ̀ wa ń tẹ̀ lé, kò wuyì kéèyàn tún fi omi náà ṣe àlùwàlá mìíràn nígbà tí omi tuntun wà. Ṣùgbọ́n omi ọ̀hún kì í ṣe ẹ̀gbin. Ẹ lè fi bomi rin igi. Hádíìsì tiẹ̀ wà nínú ìwé Bukhari àti ìwé Muslim pé ohun tí èèyàn, ẹyẹ tàbí ẹran bá jẹ lára ohun tí Mùsùlùmí gbìn, sàráà ni fún un. Omi tí a fi ń wá ojú rere Ọlọ́hun kò sì yẹ kó máa ba títì aládùúgbò jẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ dín in kù. Mudu kan ni Ànábì fi ń ṣe àlùwàlá, kò ju nǹkan bíi píọ̀ wọ́tà kan àtààbọ̀ lọ. Ẹ gbé báàkẹ́ẹ̀tì sábẹ́ ẹ̀rọ nígbà tí ẹnì kan bá ń ṣe tirẹ̀, ẹ ó rí iye tó ń lọ. Kẹ́tù sàn ju ẹ̀rọ lọ.

Lẹ́yìn náà, kòtò ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìyẹn kòtò tí omi yóò máa ṣàn wọ̀ kí ọ̀gẹ̀dẹ̀ etí rẹ̀ máa mu ún. Àpáta pọ̀ lábẹ́ ilẹ̀ wa, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ gbẹ́ ihò tó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà kan láti dán ilẹ̀ wò, ẹ rọ omi kún un nírọ̀lẹ́. Bí omi bá ṣì wà níbẹ̀ láàárọ̀, ẹ wá ibòmíràn. Kó jìnnà sí kàǹga tó ẹsẹ̀ bàtà 100. Kòtò gan-an, fífẹ̀ rẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 6, jíjìn rẹ̀ 3. Ẹ kó yẹ̀pẹ̀ rẹ̀ yí etí ká, ẹ fi ẹ̀ka igi àti ewé gbígbẹ kún un dé òkè. Orí yẹ̀pẹ̀ yẹn lẹ ó gbin ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́rin sí, kì í ṣe inú kòtò, kí ìdí rẹ̀ má baà rà. Páìpù oní-íǹṣì-3 ni kó gbé omi wá, kó máa fi sẹ̀ǹtímítà 2 relẹ̀ ní mítà kọ̀ọ̀kan, kí àsẹ́ sì wà lẹ́nu rẹ̀. Omi ọṣẹ àti omi ilé ìgbẹ́ kò gbọdọ̀ dà pọ̀ mọ́ ọn. Ẹ má fi dúró nínú dúrọ́ọ̀mù ju ọjọ́ kan lọ, yóò rùn.

Bí ewé bá ti jẹrà tó wọlẹ̀, ẹ fi òmíràn kún un. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ìgbà náà ni omi máa ń pọ̀ jù. Bó bá yọ sójú ewé, tanwíjí ń bọ̀ nìyẹn. Ẹ gbẹ́ kòtò kejì.

Kí Lèmọ́mù sì sọ lójú jámáà ẹni tó ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà kí ẹ tó gbìn ín.