"Aró Ọwọ́ Mi Ti Dẹjọ́ Nílé"

Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ọmọ ọdún 28 ni mí, olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí ní Ìbàdàn, mo sì ti bímọ méjì. Èyí àgbà ti pé ọdún 4, àbúrò rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ pé oṣù 14. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni mo máa ń jí. Kí n tó pọnmi, kí n tó wẹ̀ fún àwọn ọmọ, kí n tó di oúnjẹ wọn, aago méje ti lù. Bí mo bá ti ilé-ẹ̀kọ́ dé, ọbẹ̀ ni, aṣọ fífọ̀ ni, ìwé àwọn ọmọ kíláàsì mi tí mo ní láti máàkì ni.

Lẹ́yìn ọdún Àjíǹde ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àdìrẹ ṣíṣe lọ́dọ̀ ìyá kan ní àdúgbò wa, ní ọjọọjọ́ Sátidé. Mi ò mọ̀ pé n óò fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ó ti dẹjọ́. Bàbá àwọn ọmọ ní àwọn ò lè máa jókòó ti ọmọ ní gbogbo Sátidé nítorí aṣọ tí kò mú kọ́bọ̀ wọlé. Màmá ọkọ mi, tí wọ́n ń gbé pẹ̀lú wa, ní ọwọ́ aláró kò yẹ olùkọ́. Wọn kì í fẹ́ fọwọ́ kan aṣọ tí mo bá ṣe, bẹ́ẹ̀ ọmọ Abẹ́òkúta ni wọ́n, ìyá tó bí wọn lọ́mọ gan-an ṣe aró rí. Ọ̀rẹ́ mi ní tirẹ̀ ní kí n yáa sọ ọ́ dòwò, ó sì ti ń bá mi sọ̀rọ̀ aṣọ ẹbí yáàdì 60 fún ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀ nínú oṣù Kejìlá.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, èyí kékeré ti ọwọ́ bọ inú báàfù aró nígbà tí mo lọ sọ ọbẹ̀ kalẹ̀, ó fi pa ògiri pálọ̀. Ọjọ́ méjì gbáko ni bàbá wọn kò fi bá mi sọ̀rọ̀. Ó ń ṣe mí bíi kí n da gbogbo rẹ̀ nù. Ṣé tara mi nìkan ni mo ń rò ni, mà? Ṣé kí n sì gba iṣẹ́ aṣọ ẹbí náà?

Aláró Tuntun, Ìbàdàn

Aláró Tuntun, ọmọ mi, mo kí ọ, mo kí àwọn ọmọ. Má da gbogbo rẹ̀ nù. Ohun kan ṣoṣo tó yẹ kó kúrò nílé rẹ ni aró inú báàfù yẹn, ibẹ̀ ni n óò sì ti bẹ̀rẹ̀, torí nínú gbogbo ohun tí o kọ, òun ló já mi láyà. Ìwọ kọ ọ́ nítorí ògiri. Ní tèmi, ojú ọmọ ni mo ń rò, mo sì ń ro ẹnu rẹ̀.

O kò sọ irú aró tí ó jẹ́, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ lóde òní: aró òyìnbó, kọ́sítíìkì (sódà líle tí wọ́n fi ń se ọṣẹ), haidirosọ́fáìtì (ìyẹ̀fun tí ń jẹ́ kí aró wọ aṣọ) àti omi gbígbóná. Kọ́sítíìkì kì í ṣe ohun tí ọmọ oṣù 14 ń sún mọ́. Ó ń jó awọ ara, ó lè fọ́ ojú, bí ọmọ bá sì gbé e mì, ó ń jó ọ̀nà ọ̀fun débi pé nígbà tí egbò náà bá jinná, ọ̀nà náà lè fún pọ̀, kí oúnjẹ má lè kọjá dáadáa mọ́. Ilé tí wọ́n ti ń se ọṣẹ tàbí tí wọ́n ti ń rẹ aṣọ ni irú rẹ̀ ti máa ń ṣẹlẹ̀, nígbà tí àgbàlagbà bá bu kọ́sítíìkì tó ti yọ́ sínú ike omi tàbí ike ẹlẹ́rìndòdò. Ọmọ rí ike, ó rò pé omi ni.

Nítorí náà, kó gbogbo ohun èlò aró tó wà nílé rẹ lọ fún ìyá tí ń kọ́ ọ, kí o sì máa rẹ aṣọ lọ́dọ̀ wọn nìkan títí èyí kékeré yóò fi gbọ́ràn bí a bá ní kó má fọwọ́ kan nǹkan. Lọ́hùn-ún náà, má pọ̀n ọ́n sẹ́yìn dúró ti ìkòkò aró. Omi ni kí o kọ́kọ́ bù, kí o tó máa da kọ́sítíìkì sí i díẹ̀díẹ̀. Bí o bá da omi lé kọ́sítíìkì lórí, ó lè hó, kó ta sí ọ lójú. Wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, bo imú, kí ẹ sì wà ní gbangba. Haidirosọ́fáìtì kò gbọ́dọ̀ rí ọ̀rinrin níbi tí wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí, torí bí omi díẹ̀ bá kàn án, ó lè gbóná fúnra rẹ̀ kó sì gbiná. Bí o bá darí dé, fọ ọwọ́, pààrọ̀ aṣọ kí o tó gbọ́mọ.

Bí ó bá sì ta sí ọmọ lára, bọ́ aṣọ náà kíá, kí o máa da omi tó mọ́ sí i láìdúró fún ìgbà pípẹ́. Bí ó bá gbé e mì, má fún un ní epo pupa, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ lọ́fun kó lè bì, torí ohun tó jó ọ̀fun nígbà tó ń lọ yóò tún jó o nígbà tó bá ń bọ̀. Ọsibítù ni kí ẹ gbé e sáré lọ. Jọ̀ọ́, sọ ọ̀rọ̀ epo pupa yìí fún màmá ọkọ rẹ náà, torí ìfẹ́ ni àwọn àgbà wa fi ń fún ọmọ lépo, àmọ́ kò ṣiṣẹ́ níbí. (Ìjà lórí kọ́sítíìkì kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1930, nígbà Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá, òfin de kọ́sítíìkì àti aró òyìnbó ní Abẹ́òkúta nítorí wọ́n ní wọ́n ń ba aṣọ jẹ́, àwọn obìnrin aláró kò sì gbà láìjà.)

Ǹjẹ́ kí ni yóò wá kù fún ọ láti ṣe nílé? Ohun púpọ̀. Láyé àtijọ́, iṣẹ́ méjì ni iṣẹ́ yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹlòmíràn ń ṣe méjèèjì pọ̀. Aládìrẹ ni ó ń di aṣọ, òun ló ń rán an, òun ló ń yà á. Bí ó bá parí, yóò gbé e lọ fún aláró pé kó bá òun rẹ ẹ́. Ìwọ náà, ṣe aládìrẹ nílé, kí o ṣe aláró lọ́dọ̀ ìyá yẹn. Oníko dára fún ilé tó ní ọmọ wẹ́wẹ́: aṣọ funfun, ìko, ọwọ́ rẹ. O lè dì í lórí ibùsùn nígbà tí iná bá lọ. Jẹ́ kí èyí àgbà bá ọ di tirẹ̀ lára àkísà, wàá rí bí inú rẹ̀ yóò ti dùn tó lọ́jọ́ tí ẹ bá tú u, tó rí òṣùpá tí òun fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Alábẹ́rẹ́, èyí tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ rán, náà dára, kí abẹ́rẹ́ ṣáà máa wà nínú agolo ọlọ́mọrí, kí àwọn òkúta wẹ́wẹ́ tí ẹ ń dì mọ́ aṣọ má sì bọ́ sọ́wọ́ ọmọ kékeré. Ẹlẹ́kọ, èyí tí wọ́n ń fi ẹ̀kọ yà, ni kí o fi sílẹ̀ lọ́hùn-ún, torí òkúta búlúù tí wọ́n ń pò mọ́ ẹ̀kọ láfún kì í ṣe ohun tí ọmọ lè fi kan ẹnu.

O bi mí bóyá tara rẹ nìkan ni o ń rò. Ka lẹ́tà rẹ padà. Láti aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí títí ìwé tí o ń máàkì fi parí lálẹ́, kò sí wákàtí kan tó jẹ́ tìrẹ níbẹ̀. Ọmọ ló ni ín, ọbẹ̀ ló ni ín, ìjọba ló ni ín. Obìnrin tó bá ń gbé bẹ́ẹ̀ láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè, tó wá bèèrè fún ìdajì ọjọ́ kan, kò jalè.

Èyí tó sì bí mi nínú jù ni ọ̀rọ̀ kọ́bọ̀ yẹn. Ọkùnrin á lọ wo bọ́ọ̀lù, á ta ayò lábẹ́ igi, ẹnikẹ́ni kò ní bi í pé èló ló mú bọ̀. Ṣùgbọ́n bí obìnrin bá fọwọ́ kan nǹkan báyìí, kó dá ṣéènì ni o, kó dín ṣinṣin ni o, kó gbin ẹ̀fọ́ sẹ́yìnkùlé ni o, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ni, "Ṣé o máa tà á ni?" Ọkọ rẹ ń bèèrè rẹ̀ pẹ̀lú ìbínú, ọ̀rẹ́ rẹ ń bèèrè rẹ̀ pẹ̀lú ìfẹ́, ìbéèrè kan náà ni. Mo fẹ́ kí o lè dáhùn láìtijú pé: "Rárá. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ni."

Síbẹ̀, ọkọ rẹ ní ẹjọ́ kan tí mo gbà. Òun náà ṣiṣẹ́ dé Fúráìdè, o sì gba gbogbo Sátidé láìbá a jókòó sọ ọ́. O kò tilẹ̀ sọ fún mi pé aago mélòó lo máa ń darí dé, ó sì ṣeé ṣe kí òun náà má mọ̀. Yan alẹ́ tí àwọn ọmọ ti sùn. Kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀ nítorí ògiri, lẹ́ẹ̀kan péré, kí o sì fi owó tìrẹ ra ọ̀dà tí wọ́n fi máa kùn ún. Sọ fún un pé aró kò ní wọlé mọ́. Lẹ́yìn náà, kí ẹ pín oṣù: Sátidé méjì fún ọ, kó o lọ láàárọ̀, kó o dé kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná, Sátidé méjì fún òun láti lọ síbi tó bá wù ú nígbà tí ìwọ bá wà nílé. Kí o sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ rán an létí pé ọmọ rẹ̀ ni àwọn tó ń jókòó tì yẹn. Kò bá ọ ṣọ́ ọmọ àlejò.

Ọjọ́ méjì tí kò fi bá ọ sọ̀rọ̀ kò dùn mọ́ mi. Bí ìbínú rẹ̀ bá ń ju ìdákẹ́ lọ nígbà mìíràn, kọ̀wé sí mi lọ́tọ̀, n kò ní tẹ̀ ẹ́ jáde.

Ó wá ku màmá. O kàn sọ ọ́ kọjá ni pé ìyá wọn ṣe aró rí, lójú tèmi sì rèé, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ṣé o mọ ohun tí iṣẹ́ aró jẹ́ nígbà náà? Ewé èlú ni wọ́n ń gún lódó, wọ́n á ṣù ú, wọ́n á sá a gbẹ. Wọ́n á sun igi di eérú, wọ́n á sẹ́ omi rẹ̀ nínú ìkòkò tí wọ́n dá ihò sí nídìí, wọ́n á da èlú sí omi náà, wọ́n á dúró fún ọjọ́ bíi mélòó kan kó tó kan. Òórùn rẹ̀ kì í kúrò lára ilé, dúdú rẹ̀ kì í kúrò léèékánná. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyá wọ̀nyẹn ló fi owó aró rán ọmọ wọn obìnrin nílé-ìwé, kí ọwọ́ tirẹ̀ lè mọ́. Nígbà tí màmá bá sọ pé ọwọ́ aláró kò yẹ olùkọ́, ó lè jẹ́ ìyà tí ojú wọn rí ni wọ́n ń wò lọ́wọ́ rẹ, kó má jẹ́ tìtorí ọmọ rárá.

Bi wọ́n léèrè. Má fi ṣe ọgbọ́n láti tù wọ́n lójú o, àgbàlagbà á mọ̀. Bi wọ́n torí pé o fẹ́ mọ̀: àwọn wo ni ìyá wọn máa ń rẹ aṣọ fún, ṣé ọjà Ìtòkú ni wọ́n ti ń tà á, ṣé wọ́n rántí àdìrẹ Olóba tí wọ́n ṣe nígbà àjọyọ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1935, ṣé àrà Oṣù Bàm̀bà, òṣùpá ńlá, ni wọ́n ń dì. Ìwọ tí o wà n'Ìbàdàn, o lè fi àdìrẹ Ìbàdàndùn hàn wọ́n, èyí tí òpó Gbọ̀ngàn Mápó wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá sọ̀rọ̀, gbọ́ tiwọn ju bí o ti ń sọ tìrẹ lọ. Bí wọn kò bá fẹ́ sọ ọ́, fi wọ́n sílẹ̀, má bi wọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Ẹlòmíràn wà tí kò fẹ́ rántí.

Aṣọ ẹbí ńkọ́? Má gbà á. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn Àjíǹde kò tíì lè rẹ yáàdì 60 kí gbogbo rẹ̀ ní àwọ̀ kan. Aró tí o bá pò lónìí kò ní rí bí tàná gẹ́lẹ́, ẹbí tó sì sanwó aṣọ á to ìró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìró lọ́jọ́ ìyàwó, wọ́n á rí i. Oṣù Kejìlá kan náà ni ìdánwò táàmù kìn-ín-ní, máàkì àti ríṣọ́ọ̀tì yóò dì mọ́ ọ lọ́rùn. Mo mọ̀ pé ọ̀rẹ́ rẹ yóò ní kí o wo Màmá Nike. Òótọ́ ni, Nike Okundaye ṣe gudugudu méje: ó dá ibùdó iṣẹ́ ọnà rẹ̀ sílẹ̀ ní Òṣogbo lọ́dún 1983, ó sì kọ́ àìmọye obìnrin níṣẹ́. Ṣùgbọ́n láti kékeré ni òun ti ń wà nínú aṣọ híhun àti aró, iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ìwọ ní iṣẹ́. Bí ó bá wù ọ́ láti tà lẹ́yìn ọdún méjì, ọjà kò ní sá lọ.

Sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ pé: "O ṣeun tí o gbà mí gbọ́, àmọ́ mi ò tíì tó iṣẹ́ yìí í ṣe, mi ò sì fẹ́ dójú ti ẹbí yín. Ìró kan ni n óò ṣe fún ìyàwó, ẹ̀bùn ni." Bí ó bá ti fún ọ lówó, dá a padà lódidi. Ọ̀sẹ̀ yìí ni kí o sọ ọ́, kó lè tètè wá aláró mìíràn.