Ẹ gba èsì àyẹ̀wò omi bòhóòlù yín kí máìnì yuréníọ̀mù yẹn tó bẹ̀rẹ̀

Ẹ̀gbọ́n, mo ti ka ìbéèrè yín. Ẹ ní ẹ kó kúrò ní Houston wá sí South Texas, bòhóòlù lẹ ń lò nílé, kọ́ḿpìnì kan sì fẹ́ máa wa yuréníọ̀mù nítòsí yín, ẹ wá ń béèrè bóyá kí ẹ fọkàn tán monitor well tiwọn (kànga tí wọ́n fi ń ṣọ́ bóyá omi ibi iṣẹ́ ń jò jáde) àbí kí ẹ ra mítà kékeré kẹ́ ẹ máa fi yẹ omi yín wò fúnra yín. Màá débẹ̀, ẹ ṣáà jẹ́ kí n sọ ohun tójú wa rí ná.

Ẹ mọ̀ pé wọn ò gbẹ́ kòtò kankan. Wọ́n á po oxygen àti bicarbonate mọ́ omi abẹ́ ilẹ̀, wọ́n á tì í wọlẹ̀ gba inú kànga kan, yuréníọ̀mù á yọ́ sínú ẹ̀, wọ́n á wá fà á jáde látinú kànga míì. Nígbà tí wọ́n dé àdúgbò wa, ìwé kan ṣoṣo tí a ní lórí omi wa lèyí tí báǹkì béèrè nígbà tá a ń ra ilé, bakitéríà àti nitrate nìkan ló sì wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó sọ pé ó yẹ kí nǹkan míì wà níbẹ̀. Ìgbà tó yá omi wa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe iyọ̀-iyọ̀ lẹ́nu. A gbé e lọ láàbù, yuréníọ̀mù inú ẹ̀ ju maikirogíráàmù 30 nínú lítà kan lọ, ìyẹn iye tí EPA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí àyíká, ní kò gbọdọ̀ kọjá nínú omi mímu. Mo gbé èsì yẹn lọ sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń ṣọ́ kọ́ḿpìnì náà, òṣìṣẹ́ tó jókòó síbẹ̀ wò ó, ó ní báwo ni omi náà ṣe wà tẹ́lẹ̀? Mo ní báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀. Wọ́n ní kí n lọ bá ọ̀gbẹ́ni kan tí wọ́n ń pè ní ògbógi, ẹni yẹn wá là á mọ́lẹ̀ pé yuréníọ̀mù ti wà nínú omi wa látìgbà ìwáṣẹ̀, pé torí ẹ̀ gan-an ni kọ́ḿpìnì ṣe wá síbẹ̀. Mo ní kó fi ìwé hàn mí tó sọ bẹ́ẹ̀ nípa bòhóòlù tèmi, kò ní. Àmọ́ èmi tí mi ò ní ìwé ni mo jẹ̀bi! Ó dùn mí títí di bí mo ṣe ń tẹ ọ̀rọ̀ yìí. Òfin Safe Drinking Water Act ti 1974 ò kan bòhóòlù àdáni, kò sẹ́ni tó máa wá yẹ tiyín wò fún yín, ẹ fi sọ́kàn.

Ó burú jùyẹn lọ. Nígbà tí mo wá rí fáìlì kọ́ḿpìnì náà gbà, mo rí i pé èsì omi ọ̀kan nínú monitor well wọn ti kọjá iye tí wọ́n fún un, wọ́n ti sọ fún ọ́fíìsì, kò sẹ́ni tó sọ fún àwa tá à ń mu omi. Mo pè wọ́n, wọ́n ní "excursion" nìyẹn, pé kì í ṣe pé omi ti bàjẹ́. Àwa tá à ń gbé ibẹ̀ ńkọ́, ṣé kò tọ́ sí wa ká gbọ́ ni?

Monitor well wà lóòótọ́, wọ́n á tò wọ́n yí ibi iṣẹ́ ká, ní Texas wọn ò gbọdọ̀ jìnnà sí ibi iṣẹ́ náà ju ẹsẹ̀ bàtà 400 lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù ni wọ́n ń bù omi níbẹ̀. Chloride (ara iyọ̀ inú omi), conductivity (bí iná ṣe ń gba inú omi kọjá sí) àti alkalinity (bí omi ṣe lè pa ásíìdì tó) ni wọ́n sábà máa ń wò, ìyẹn dáa, torí chloride ni ajá tó ń kọ́kọ́ gbó, kì í lẹ̀ mọ́ yanrìn lójú ọ̀nà bíi yuréníọ̀mù. Wọ́n tún gbọ́dọ̀ máa fa omi jáde díẹ̀ ju èyí tí wọ́n ń tì wọlẹ̀ lọ kí omi lè máa ṣàn sọ́dọ̀ wọn. Tí iná bá lọ tàbí tí pọ́ǹpù bá kú, ẹ béèrè ohun tí wọ́n ṣe.

Ibi tó ń ba èmi lẹ́rù ni pé àwọn tó yíká yẹn, inú yanrìn kan náà tí wọ́n ti ń wa yuréníọ̀mù ni wọ́n ti ń wò. Tó bá jẹ́ páìpù ló sán lókè, tàbí sìmẹ́ńtì ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ò dì dáadáa, inú omi tó wà lókè ló ń lọ, níbi tí bòhóòlù ilé sábà máa ń wà, monitor well tó ń wo apá òkè yẹn ò sì pọ̀ tó ti yíyíká. Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní èsì MIT gbogbo kànga wọn, ìyẹn ìgbà tí wọ́n ti páìpù pa tí wọ́n fi agbára omi tàbí afẹ́fẹ́ dán an wò bóyá ó ń jò. Àwọn ihò àtijọ́ tí wọ́n gbẹ́ láti fi wá yuréníọ̀mù tí wọn ò dí dáadáa náà ńkọ́? Ẹ rìn yí ilẹ̀ yín ká, kànga àtijọ́ tí wọ́n fi ń fún màlúù lómi náà wà nínú ẹ̀.

Tí ẹnì kan bá gbé ìwé lease wá, ìyẹn ìwé pé kí wọ́n lè wa nǹkan nílẹ̀ yín, ẹ má fọwọ́ sí i níjọ́ yẹn o. Níbí, ẹni tó nilẹ̀ lè má ni ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀, ẹ jẹ́ kí lọ́yà wò ó. Tí wọ́n bá sì ní àwọn á dá omi padà bó ṣe wà, ẹ sọ fún wọn pé nígbà tí USGS, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí ilẹ̀ àti omi, yẹ fáìlì máìnì South Texas wò ní 2009, nínú àwọn tí èsì ìparí wọn wà, wọn ò rí ìkankan tí gbogbo nǹkan inú omi ti padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀n, mítà. Ẹ rà á, ẹ máa kọ conductivity sílẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kò lè rí yuréníọ̀mù, ẹ tètè lọ láàbù tí ìjọba fọwọ́ sí báyìí, kí wọ́n wo yuréníọ̀mù, radium, arsenic, chloride, conductivity àti alkalinity, ẹ tún un ṣe ní ẹ̀ẹ̀rùn àti lásìkò òjò. Ẹ jẹ́ kí òṣìṣẹ́ láàbù bù ú fúnra wọn, kí wọ́n fọwọ́ sí ìwé tó ń tẹ̀ lé ìgò, torí wọ́n lè ní ẹ̀yin lẹ da nǹkan sínú ẹ̀. Ẹnu ẹ̀rọ tó wà ṣáájú softener (ẹ̀rọ tó ń mú kí omi rọ̀) ni kí wọ́n ti bù ú. Tó bá ga, ẹ má sè é o, sísè ò lé yuréníọ̀mù lọ, kídìnrín ló ń bá jà; asẹ́ omi tí wọ́n ń pè ní reverse osmosis lẹ máa fi sẹ́ ẹ.

Ẹ sọ bí bòhóòlù yín ṣe jìn tó fún wa. Tí ẹ ò bá mọ̀, ẹ wá ìwé ẹni tó gbẹ́ ẹ lórí sáìtì Texas Water Development Board, ẹ fi wé ìjìnlẹ̀ ibi tí wọ́n fẹ́ wà, ìyẹn lẹ máa fi mọ monitor well tó yẹ kí ẹ máa béèrè èsì ẹ̀ lóṣooṣù.