Ewéko wo ló dáa kí ẹja máa rí ibi sá pamọ́ sí nínú adágún?

Kẹ́ ẹ da méjì pọ̀ ló dáa jù: òṣíbàtà tí ewé ẹ̀ máa ń bo ojú omi, àti ewéko tó ń gbé inú omi bíi hornwort. Abẹ́ òṣíbàtà ni ẹja ńlá máa sá sí tí ẹyẹ bá ń wá wọn tàbí tí oòrùn bá mú jù, àmọ́ hornwort ló ń gba ọmọ ẹja là torí ó dí, ẹja ńlá ò lè fi bẹ́ẹ̀ ráyè wọbẹ̀ kó jẹ wọ́n, kò tiẹ̀ ní gbòǹgbò, ẹ kàn máa jù ú sómi ni. Ojú oró náà wúlò, ṣùgbọ́n ó máa ń pọ̀ sí i kíákíá gan-an, ẹ máa dín in kù déédéé, ẹ má sì jù ú sódò rárá.

Ẹ má jẹ́ kí ewé bo ju nǹkan bí ìdajì ojú omi lọ, torí lálẹ́ ewéko náà máa ń lo ọ́síjìn, tó bá ti pọ̀ jù ẹja lè kú kílẹ̀ tó mọ́. Tó bá jẹ́ koi, ìyẹn ẹja aláràbarà tí wọ́n ń sìn fún ẹwà, lẹ ń sìn, ó máa ń hú ewéko, ẹ gbin òṣíbàtà sínú ìkòkò kẹ́ ẹ wá to òkúta sójú ẹ̀.